Ìbọn kékeré ti di ààyò lókè òkun, ta ló wọn ìbọn àwọn ọdẹ wa?

Ẹni tó bá ń wo fídíò àwọn tó fẹ́ràn ìbọn lórí YouTube á ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nígbà kan, ìbọn ńlá ni wọ́n fi ń yangàn, èyí tó máa ń dún bí àrá, tó sì máa ń ta èèyàn ní èjìká gbì. Ní báyìí, ìbọn tín-ín-rín ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé jáde. Wọ́n á ní géèjì 20 làwọn ń lò, tàbí 28, kódà wọ́n á gbé .410 tó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Géèjì 12 tí gbogbo ayé mọ̀ ṣì ni ọba, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń sọ pé ọba náà ti wúwo jù.

Ó lè máa ṣe yín bíi pé, kí ló kan ọmọ Ìbàdàn nínú ìyẹn? Ó kàn wá gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Ifẹ̀ jáde, tẹ́ ẹ kọjá Adégbayì, tẹ́ ẹ wọ ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá títí ẹ fi dé Aṣèjìrè, abúlé olóko ló wà lọ́tùn-ún lósì. Níbẹ̀, ìbọn ṣì jẹ́ irinṣẹ́ bí àdá àti ọkọ́. Ẹran ìgbẹ́ tí ẹ fi jẹ iyán lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbọn ni wọ́n fi pa á. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé: irú ìbọn wo? Ta ló sì wọ̀n ọ́n?

Kí ni géèjì gan-an?

Géèjì ni ìwọ̀n bí ihò ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Ohun tó máa ń da èèyàn láàmú níbẹ̀ ni pé bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Ẹ ronú nípa ìyá tó ń din puff-puff. Bó bá fi ìyẹ̀fun pípò abọ́ kan din ẹyọ 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tóbi. Bó bá fi abọ́ kan náà din ẹyọ 28, á kéré. Bí géèjì ṣe rí nìyẹn. Òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, nǹkan bíi gíráàmù 454, ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá pín òjé náà sí róbótó 12 tó dọ́gba, ihò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá wọ̀ géérégé ni ihò géèjì 12.

Ihò géèjì 12 jẹ́ mìlímítà 18.5. Ti 16 jẹ́ 16.8, ti 20 jẹ́ 15.6, ti 28 ò sì ju nǹkan bíi 14 lọ. .410 nìkan ló yà sọ́tọ̀: íǹṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ihò rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 10.4.

Bí ihò bá ṣe rí ni ẹrù tó ń gbé ṣe máa ń rí. Kátírììjì géèjì 12 sábà máa ń gbé ọta wẹ́wẹ́ tó tó gíráàmù 32 sí 36. Ti 20 máa ń gbé bíi 25, ti 28 máa ń gbé bíi 21, ti .410 sì máa ń gbé bíi 14. Ìyẹn ni pé ẹni tó fi géèjì 28 yìnbọn lè má tiẹ̀ lò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta òjé tí ẹnìkejì rẹ̀ lò.

Kí ló dé tí ìbọn kékeré fi ń wù wọ́n?

Àkọ́kọ́ ni pé kì í wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ rìn nínú igbó láti àárọ̀ di ọ̀sán mọ̀ pé kílò kan péré tó bá dín lórí ìbọn, èrè ńlá ni. Ìkejì, kì í tapá púpọ̀, nítorí náà ẹni tó ń yìn ín kì í fòyà, kì í sì í dijú kó tó yìn ín. Ẹni tí kò bá dijú ló máa ń rí ohun tó ń yìnbọn sí. Ìkẹta, ọta tuntun kan wà tí wọ́n ń fi irin tungsten ṣe. Òjé wúwo tó gíráàmù 11.3 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, ṣùgbọ́n ọta tungsten yìí súnmọ́ 18. Ó wọ́n lówó gan-an o, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí .410 tí wọ́n ń fojú di tẹ́lẹ̀ lè pa tòlótòló inú igbó ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kẹrin ni ìgbéraga, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó fi ìbọn kékeré pa ẹyẹ tó ń fò ti fi han gbogbo ayé pé òun mọ̀ ọ́n ta. Nínú eré ìdárayá skeet tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ìdíje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà fún 12, 20, 28 àti .410. Bí ihò bá ṣe ń kéré sí i ni iṣẹ́ ń le sí i.

Ìbọn tí kò ní nọ́ńbà

Ẹ wá jẹ́ ká padà wálé. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀nà méjì ni ìbọn ọdẹ pín sí. Èkíní ni ìbọn tó ń jẹ kátírììjì, tí wọ́n ń pè ní single barrel tàbí double barrel, géèjì 12 ló sì wọ́pọ̀ jù nínú wọn. Èkejì ni ṣakabùlà, tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ ro ẹ̀tù àti ọta sí. Alágbẹ̀dẹ wa ló ń rọ púpọ̀ nínú wọn. Ẹ bi ẹni tó gbé e lọ́wọ́ pé géèjì mélòó ni, kò ní dá yín lóhùn, nítorí kò ní nọ́ńbà. Irin tí alágbẹ̀dẹ bá rí ló fi ṣe é. Bí ẹ̀tù ṣe máa pọ̀ tó, ojú ni ọdẹ fi ń wọ̀n ọ́n.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dun èèyàn. Irin tí wọn ò ṣe fún ìbọn, tí ẹnikẹ́ni ò dán wò, tí wọ́n ro ẹ̀tù tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n sí nínú, ó lè bẹ́ mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́ nígbàkigbà. Ọdẹ tó pàdánù ìka, tàbí tí ojú rẹ̀ kan fọ́, kì í ṣe ohun àjèjì ní abúlé wa. Àwọn ará ilé á ní iṣẹ́ ayé ni. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀pá irin yẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ í rò.

Kí ẹ má sì rò pé ìwọ̀n ò ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lo kátírììjì. Kátírììjì géèjì 20 tó bá ṣèèṣì wọ inú ìbọn géèjì 12 máa yọ̀ lọ síwájú, á sì há sínú ọ̀pá. Ẹni tó ni ìbọn á wo ẹ̀yìn, á rí i pé ó ṣófo, á ki kátírììjì 12 sí i, á sì yìn ín. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe kátírììjì fi gbà pé àwọ̀ yẹ́lò ni ti géèjì 20 máa ń ní, kí ojú lè tètè dá a mọ̀. Òkè òkun, tí ìwé àti òfin ti pọ̀, ni wọ́n ti ń ṣọ́ra tó báyẹn. Àwa ńkọ́?

Kírìjì ti kọ́ wa rí

Àwa ọmọ Ìbàdàn ò yẹ ká gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọn ò sì tú ibùdó ogun náà ká tán títí di 1893, Ìbàdàn ló ní jagunjagun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń bẹ̀rù. Ààrẹ Látòósà ló ṣáájú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn Snider ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn ní ibùdó, lọ́dọ̀ Ògèdèǹgbé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki ọta sí Snider, kì í ṣe ẹnu, ó sì ń yára ju ìbọn tí àwọn ará Ìbàdàn kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́ lọ fíìfíì.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí ni pé ihò Snider kò fẹ̀. Íǹṣì .577 ni, nǹkan bíi mìlímítà 14.7. Bí a bá fi ìṣirò géèjì kà á, ó wà ní àyíká 24, ìyẹn ni pé ó kéré sí géèjì 20. Kì í ṣe fífẹ̀ ẹnu ìbọn ló da Ìbàdàn dúró. Ìbọn tí wọ́n wọ̀n dáadáa, tí ọta rẹ̀ bá ihò rẹ̀ mu, ló ṣe é.

"Ìbọn kékeré ò lè lé ajínigbé"

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ìwọ tó ń kọ̀wé ní ìgboro, o ò mọ ohun tó ń lọ lóko." Látìgbà tí wọ́n ti ń jí àgbẹ̀ gbé, látìgbà tí wọ́n ti kọlu Ìgangan ní oṣù Kẹfà 2021, ẹ̀rù ń ba àwọn olóko. Ìbọn ńlá ni wọ́n ń wá, pàápàá pump action. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ìdí náà nìyẹn tí wọ́n fi dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ nílùú Ìbàdàn ní ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, 2020, tí àwọn ọdẹ sì pọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Géèjì 12 kì í ṣe ẹgbẹ́ AK-47, bẹ́ẹ̀ náà ni 20 kọ́. Ohun tí ọdẹ ní tí ajínigbé ò ní ni pé ó mọ igbó. Tí a bá fẹ́ kí ó dojú kọ oníbọn ńlá, ìjọba ló yẹ kó wá ohun ìjà àti ẹ̀kọ́ fún un, kì í ṣe kí oníkálukú lọ máa ra ìbọn lábẹ́ aṣọ. Ẹ rántí 2017, nígbà tí àwọn aṣọ́bodè gba pump action 2,671 ní Èkó láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹsàn-án. Ẹrù ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré nìyẹn. Ta ni wọ́n kó o wá fún? Kì í ṣe ọdẹ tó ń lépa ọ̀yà.

Òfin ìbọn tí à ń lò láti 1959 náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó ya ṣakabùlà sọ́tọ̀, ó ya ìbọn ọdẹ tó ń jẹ kátírììjì sọ́tọ̀, ìyẹn tó jẹ́ pé Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Àmọ́, ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta, tàbí tó ní ẹ̀rọ tó ń ki í bíi ti pump action, kò sí lára èyí tí òfin yẹn kà sí ìbọn ọdẹ lásán. Òfin ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa rọ ìbọn láìgbàṣẹ. Ẹ wá bi ara yín: ọdẹ tó wà lábúlé ní Ẹgbẹ́dá, báwo ló ṣe máa rí ìwé àṣẹ tó ti Àbújá wá? Òfin tí ọwọ́ tálákà ò lè tó máa ń sọ tálákà di arúfin ni.

Ìlú ti bá oko

Ohun mìíràn tún wà. Ìbàdàn ń fẹ̀. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lánàá ti di ẹ́sítéètì lónìí, láti Olódó dé ìlú Ẹgbẹ́dá fúnra rẹ̀. Ọdẹ tó ń lépa òkété lálẹ́ lè máà jìnnà sí fèrèsé yàrá ẹnì kan. Ọta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń pa àparò lè rìn tó igba mítà kó tó balẹ̀. Ọta ńlá lè kọjá 500 mítà. Géèjì nìkan kọ́ ló ń pinnu ìyẹn, bí ẹyọ ọta ṣe tóbi tó ni. Síbẹ̀, ìbọn ńlá ló ń gbé ọta ńlá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìròyìn ọdẹ tó yìnbọn mọ́ èèyàn, tó ní ẹranko lòun rò pé ó jẹ́, kì í ṣe tuntun sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ tún wo ẹran fúnra rẹ̀. Àparò kò tó kílò kan. Ọ̀yà kò sábà ju kílò mẹ́fà lọ. Ọta òjé gíráàmù 36 fún irú ẹran bẹ́ẹ̀, ó pọ̀ jù. Èmi fúnra mi ti fi eyín ko ọta nínú ọbẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Òjé sì jẹ́ májèlé. Ní 2010, òjé tó jáde látinú ìwakùsà pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara. Ti inú ẹran ìgbẹ́ ò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́. Amẹ́ríkà ti fòfin de ọta òjé fún pípa pẹ́pẹ́yẹ igbó láti 1991.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ

Mi ò sọ pé kí gbogbo ọdẹ Ẹgbẹ́dá lọ ra géèjì 28 lọ́la. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí kátírììjì rẹ̀? Tí a bá sì ṣàdédé kó géèjì 20 wọlé láàárín àwọn tó ń lo 12, láìsí ìlanilọ́yẹ̀, ewu ọ̀pá tó di ni a fẹ́ kó bá ara wa.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìwọ̀n dé inú ọ̀rọ̀ ìbọn wa. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ọlọ́pàá jókòó pẹ̀lú àwọn Olúọdẹ, kí wọ́n ṣètò ọjọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ọdẹ lè gbé ìbọn rẹ̀ wá láìbẹ̀rù pé wọ́n máa tì í mọ́lé. Kí ẹni tó mọ̀ nípa irin yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò. Èyí tó bá léwu, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì ran ọdẹ náà lọ́wọ́ láti gba ìwé àṣẹ fún ìbọn gidi, tó kéré, tó ní nọ́ńbà lára. Owó tó máa ná wọn ò lè tó owó ìwòsàn ẹni tí ìbọn já ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn sí òun? Ṣùgbọ́n ọdẹ tó gbé irin tí kò ní nọ́ńbà lé èjìká, ara rẹ̀ ló kọjú ìbọn sí lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ní bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó ń ṣọdẹ lóko, ẹ pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kí i kú iṣẹ́ igbó, kí ẹ sì bi í pé: ìbọn yín, ta ló wọ̀n ọ́n?