Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Odò Maumee

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 2014, àwọn aláṣẹ ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi ẹ̀rọ. Omi kò dá o. Ó ń yọ geere, ó sì mọ́ lójú. Apá kejì ìkéde náà ló dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù: wọn kò gbọdọ̀ sè é mu pàápàá, nítorí bí omi náà bá ṣe ń gbẹ lórí iná ni májèlé inú rẹ̀ yóò máa ki sí i. Láàárín wákàtí díẹ̀, omi inú ike ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Gómìnà kéde pàjáwìrì, àwọn ológun ń fi ọkọ̀ gbé omi wọ̀lú, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn kò sì rí omi ẹ̀rọ mu títí di ọjọ́ kẹrin oṣù náà. Lọ́jọ́ yẹn, olórí ìlú, Michael Collins, gbé ife omi ẹ̀rọ mu níwájú àwọn oníròyìn kí ọkàn aráàlú lè balẹ̀.

Adágún Erie ni Toledo ti ń fa omi rẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹjọ, apá ìwọ̀ oòrùn adágún yìí a máa kún fún ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní algae. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà. Ohun abẹ̀mí tíńtín ni, ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá ti pọ̀ tán, ojú omi á dà bí ọbẹ̀ ewédú. Ọ̀kan nínú wọn, Microcystis, máa ń ṣe májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù kan nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ máíkírógíráàmù mílíọ̀nù kan ló wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo. Ti Toledo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ń bọ́ wọn? Ohun tó ń bọ́ àgbàdo náà ni. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn ni àgbẹ̀ ń rà sínú àpò ajílẹ̀, àwọn náà ló sì wà nínú ìgbẹ́ ẹran àti ìgbẹ́ ènìyàn. Ajílẹ̀ kò mọ ibi tí oko parí sí. Tí òjò bá gbá a wọ odò, ohun tó wà lódò ni yóò jẹ ẹ́. Nígbà tí algae bá sì kú, wọ́n á rì sí ìsàlẹ̀, wọ́n á jẹrà, ìjẹrà náà á gba afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja ò ní rí èémí mí.

Erie kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe irú àìsàn yìí. Láàárín 1960 sí 1970, ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé adágún náà ti kú. Ọṣẹ ìfọṣọ tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú àti omi ìdọ̀tí àwọn ìlú ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ mú gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ọṣẹ kò gbà. Wọ́n ní kábọ̀n ló jẹ̀bi. Ẹni tó parí àríyànjiyàn náà ni David Schindler, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Kánádà. Ní ọdún 1973 ó fi aṣọ ìkélé oníke dá adágún kékeré kan ní Ontario sí méjì. Apá kan gba kábọ̀n àti náítírójìn, apá kejì gba méjèèjì pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Apá kejì yìí nìkan ló di àwọ̀ ewé. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, ẹni tí kò kàwé rárá lè wò ó kó sì mọ ẹni tó jàre. Schindler ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn omi ti Stockholm, ní 1991.

Amẹ́ríkà àti Kánádà ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí àwọn adágún ńlá wọn ní 1972. Wọ́n tún ilé iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ṣe, wọ́n dín fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ kù, Erie sì jí padà débi pé Dr. Seuss, tó ti dárúkọ adágún náà pẹ̀lú àbùkù nínú ìwé ọmọdé rẹ̀, The Lorax, gbà láti yọ gbólóhùn náà kúrò lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí láti Ohio kọ̀wé sí i.

Ìgbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, àwọ̀ ewé náà tún ń padà bọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ọṣẹ ti yí padà, ilé iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ń ṣiṣẹ́, àpapọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń wọ adágún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí wọ́n fẹnu kò sí mu.

Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Tiffin, ní Ohio yìí kan náà, ni ìdáhùn wà, nínú ìgò. Yunifásítì Heidelberg ti ń bu omi odò Maumee wò láti ọdún 1975, odò yẹn ló sì ń gbé omi oko tó pọ̀ jù lọ wọ apá ìwọ̀ oòrùn Erie. Ẹ̀rọ kan tó wà létí odò máa ń fa omi sínú ìgò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì títí ẹnìkan á fi wá kó o lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí odò bá dákẹ́, ìgò kan lóòjọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Tí òjò bá rọ̀ tí odò kún, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n á yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ọdún kan máa ń kọjá láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí àgbàrá ń ṣàn. Ẹni tó bá ń lọ bu omi lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ tí oòrùn ràn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara odò le. Iṣẹ́ tí kò ní ìyìn ni, kò sí olóṣèlú tó ń pe oníròyìn wá wo ìgò omi. Ṣùgbọ́n láìsí i, àfẹnusọ lásán ni gbogbo ẹjọ́ tí wọn ì bá máa rò lórí Erie.

Kí ni ìgò wọ̀nyẹn sọ? Wọ́n fi hàn pé ọ̀nà méjì ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń gbà rìn. Ọ̀kan so mọ́ iyẹ̀pẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni algae lè rí jẹ. Èkejì ti yòrò sínú omi pátápátá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ kò ní rí ìyípadà gidi kan. Nígbà tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ ló hàn pé èyí tó yòrò ti ń ga sí i láti àárín àwọn ọdún 1990.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn àgbẹ̀, ó sì yẹ ká ṣe àánú wọn níbí. Wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n yé túlẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má baà ṣàn lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì gbọ́. Àmọ́ ajílẹ̀ tí wọ́n fọ́n sórí ilẹ̀ tí a kò tú kì í tètè wọlẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń dúró sí de òjò. Páìpù tún wà lábẹ́ àwọn oko ibẹ̀ tó ń fa omi lọ sí kòtò, láti kòtò sí odò. Ìmọ̀ràn tó dáàbò bo ilẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn mìíràn sílẹ̀ fún ìdọ̀tí.

Ní 2016, Amẹ́ríkà àti Kánádà fẹnu kò pé kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí Maumee ń gbé wá láti oṣù kẹta sí oṣù keje fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 2008. Ìyẹn ni pé kó má ju 860 tọ́ọ̀nù lọ lápapọ̀, kí èyí tó yòrò má sì ju 186 lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni odò náà ti kọjá rẹ̀. Láti inú ìṣirò odò yìí náà ni NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òkun àti ojú ọjọ́, ti ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún bí algae yóò ṣe pọ̀ tó, kí sátẹ́láìtì tó máa tọ́ka ibi tí wọ́n wà gan-an. Àwọn ará Toledo tiẹ̀ dìbò ní 2019 pé kí adágún náà ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin bí ènìyàn. Ilé ẹjọ́ fagi lé e lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe gbogbo irinṣẹ́ ló wọ́n. Ní 1865 ni àlùfáà Angelo Secchi fi okùn sọ àwo funfun kalẹ̀ sínú omi, kó lè mọ ibi tí ojú ò ti ní rí i mọ́. Wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní. Bí algae bá ṣe pọ̀ tó ni àwo á ṣe tètè pòórá.

Omi abẹ́ ilẹ̀ ló ṣòro láti ṣọ́, nítorí kì í yára. Dẹ́nmáàkì, tí omi abẹ́ ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo omi mímu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ kànga àyẹ̀wò káàkiri láti ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn onímọ̀ wọn ń fi àmì gáàsì fíríìjì àtijọ́ tó yòrò sínú òjò mọ ọdún tí omi náà rọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe rí i pé náítíréètì, tó ń wá láti inú náítírójìn ajílẹ̀, pọ̀ nínú omi tó wọlẹ̀ kí òfin tó ń dín ajílẹ̀ kù tó dé, tó sì ń dín kù nínú èyí tó wọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní wọn kò mọ ọjọ́ orí omi ni, wọn ì bá rò pé òfin náà kò ṣiṣẹ́.

Náítíréètì yìí ló yẹ kó kan ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá. Tí kànga àti ṣaláńgá bá wà nínú ọgbà kan náà, ohun tó wà nínú ọ̀kan ń wá ọ̀nà dé inú èkejì. Àwọ̀ náítíréètì kò sí, òórùn rẹ̀ kò sí, iná kò lè lé e. Ní 1945, dókítà Hunter Comly kọ̀wé láti Iowa nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí àwọ̀ ara wọn ń yí padà sí ti aró nítorí wọ́n fi omi kànga po wàrà fún wọn: náítíréètì kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 ní kó má ju 50 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Nítorí náà, ìyá tó ń fi omi kànga po oúnjẹ ọmọ jòjòló, kó gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, kó sì béèrè náítíréètì ní orúkọ. Àyẹ̀wò tó wo kòkòrò nìkan kò tíì wo èyí.