Kọ̀ǹpútà tí a ń fi omi mú tutù: níbo ni ìdíwọ́ wà?

Bí irú kọ̀ǹpútà yìí bá ń gbóná jù, pọ́ǹpù tuntun ni ọ̀pọ̀ ń náwó lé. A kò fara mọ́ ọn. Bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ń tú ooru 200 wáàtì jáde, tí lítà omi 4 sì ń gba inú bàbà tí a dì mọ́ ọn kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ìgbóná omi náà kò ní fi odidi 1°C pọ̀ sí i. Rédíétọ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò, nítorí omi kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí i lọ. Kí fáànù máa fa afẹ́fẹ́ ìta, kì í ṣe èyí tí ó ti gbóná nínú àpótí. Kí a sì gbọn eruku ọyẹ́ dànù. Bí a óò bá ra rédíétọ̀ tí ó fẹ̀ sí i, kí ó má jẹ́ alumíníọ́mù: òun àti bàbà kì í gbé inú omi kan náà kí ó má dípẹtà.