Abẹ́rẹ́ tí ń Fi Ebi Pa Jẹjẹrẹ: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Baba àti Ará Ilé Wọn

Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni a fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, irú èyí tí ọ̀pọ̀ baálé kì í fẹ́ kí a dá sílẹ̀ níwájú aya àti ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n nítorí ìtìjú yìí kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kì í fi í dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn títí àrùn yóò fi wọ inú egungun. Nítorí náà àwa kì yóò dákẹ́.

Kókó kékeré kan ń bẹ ní abẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní prọ́sítéètì. Jẹjẹrẹ inú rẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń ṣe àwọn ọkùnrin ní Nàìjíríà. Bí ó bá ti tàn kọjá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀bẹ kò lè gé e tán mọ́. Ohun tí a ń ṣe nígbà náà ni pé kí a dá oúnjẹ rẹ̀ dúró. Oúnjẹ náà ni testosterone, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú ọkùnrin hu irùngbọ̀n, tí ń mú ohùn rẹ̀ ki, tí ó sì ń fún un ní agbára ọkùnrin. Inú ẹyin epọ̀n ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá.

Oníṣègùn Charles Huggins àti Clarence Hodges, ní Yunifásítì Chicago, ni wọ́n fi èyí hàn gbangba ní ọdún 1941. Wọ́n rí i pé bí a bá yọ ẹyin epọ̀n ẹni tí àrùn náà ti tàn kálẹ̀ lára rẹ̀, tàbí tí a fún un ní èròjà bí ti obìnrin, àrùn a máa fà sẹ́yìn, ìrora egungun a sì dẹwọ́. Huggins gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966.

Iṣẹ́ abẹ yìí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe ní ilẹ̀ wa títí di òní, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn àwọn ìwẹ̀fà ààfin Ọ̀yọ́? Kí a má baà sọ òun di ìwẹ̀fà ní ọjọ́ alẹ́ ni ó mú kí baba mìíràn sá kúrò ní ilé ìwòsàn. Àwa kò bá a wí. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti òmùgọ̀.

Abẹ́rẹ́ ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìlo ọ̀bẹ. Ọpọlọ a máa rán ìránṣẹ́ sí kókó kan ní abẹ́ rẹ̀, kókó yìí a sì pàṣẹ fún ẹyin epọ̀n kí ó ṣe testosterone. Andrew Schally àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ rí bí ìránṣẹ́ náà ti rí ní 1971, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ní 1977. Oògùn tí ń jẹ́ goserelin jọ ìránṣẹ́ yìí. Ó ń kàn ilẹ̀kùn láìsinmi, títí ara onílé yóò fi sú, tí kì yóò sì dáhùn mọ́. Abẹ́ awọ ikùn ni a ń fi í sí, 3.6 mg ní ọjọ́ 28-28, tàbí 10.8 mg ní ọ̀sẹ̀ 12-12. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí onílé tó dákẹ́, testosterone a kọ́kọ́ gòkè. Nítorí náà ni oníṣègùn fi ń fúnni ní hóró bicalutamide fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àrùn má baà ru sókè.

Baba kan tí a mọ̀ gba abẹ́rẹ́ yìí fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yìn tí ń dùn ún fi í sílẹ̀, ó ń sùn dáadáa, ó sì tún padà sí oko. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé ara òun ti yá, ó fi owó abẹ́rẹ́ keje ra páànù, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kì í pa àrùn tán, ebi ni ó fi ń pa á. Nígbà tí baba náà jáwọ́, oúnjẹ tún dé. Nígbà tí yóò fi padà sọ́dọ̀ oníṣègùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní PSA ti gòkè, ọ̀pá ni ó sì fi ń rìn. Òótọ́ ni pé oníṣègùn fúnra rẹ̀ lè dá a dúró díẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó máa ṣọ́ PSA rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí aláìsàn dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ẹ gbọ́ èyí. Ooru a máa bo ọkọ yín lójijì, bí ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń dá lọ. Ìfẹ́ ibùsùn a kúrò lára rẹ̀. Ó lè sanra ní ikùn, kí iṣan rẹ̀ sì rọ. Egungun rẹ̀ lè di ẹlẹgẹ́, inú rẹ̀ sì lè bàjẹ́ láìnídìí. Oògùn ni ó fà á, kì í ṣe pé ó ti rí obìnrin mìíràn. Ìrìn ẹsẹ̀ lójoojúmọ́ àti iṣẹ́ díẹ̀ tí ó gba agbára ń ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí ó bá pẹ́, àrùn a máa kọ́ láti fi ìwọ̀nba díẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró. Abiraterone, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2011, ń dí orísun ìwọ̀nba náà pẹ̀lú. Ìwádìí méjì tí ó jáde ní 2017 fi hàn pé bí a bá lò ó mọ́ abẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí aláìsàn ń gùn sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí ní 2019. Ṣùgbọ́n kí orúkọ oògùn wà nínú ìwé kò ní kí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ohun kan kù. Bí baba tí àrùn yìí wà lára rẹ̀ bá ní ẹsẹ̀ òun ń wúwo, tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ kò lọ bí ti àtẹ̀yìnwá, pàápàá bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, ó lè jẹ́ pé àrùn ń tẹ okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ má fi òróró pa á, kí ẹ má sì dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ náà gan-an, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó, ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.