Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Oṣù Ràmàdáànì

 

 Nígbà tí a ń ka ìtàn ogun Bádírì ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Mùálímù, ṣé kò sí Yorùbá kankan nínú ìtàn ẹ̀sìn wa yìí ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè náà bọ́ sójú ọ̀nà. Èsì tí mo fún un lọ́jọ́ náà kò ju gbólóhùn méjì lọ, torí pé agogo ti lù. Ìyókù rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Kò sí ọmọ ilé-kéwú tí kò mọ ọjọ́ 17 oṣù Ràmàdáànì nítorí Bádírì, tàbí ọjọ́ 20 nítorí ọjọ́ tí Ànábì wọ Mẹ́kà. Ọjọ́ 25 kò lókìkí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé òru rẹ̀ wà lára àwọn òru wítìrì tí a ń wá Lailatul-Qadri nínú wọn. Bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni ìtàn fi hàn wá pé ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ yìí, ẹ̀kẹta inú rẹ̀ sì kan ilé wa.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ọjọ́ ti Híjírà kì í bẹ̀rẹ̀ láàárín òru bíi ti òyìnbó. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí a kírun Màgàríbì, ọjọ́ tuntun ti dé nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa lò ó níwájú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọdún Híjírà fi bí ọjọ́ 11 kúrú sí ti òyìnbó, nítorí náà ọjọ́ 25 Ràmàdáànì lè bọ́ sí oṣù September lọ́dún kan, kí ó bọ́ sí January lọ́dún mìíràn. Ẹni tí ó bá ń fi kàlẹ́ńdà òyìnbó nìkan ka ìtàn kò ní mọ̀ láéláé pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n.

Èyí tí ó ṣáájú ṣẹlẹ̀ ní ọdún 8 Híjírà. Mẹ́kà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ní bí ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ànábì rán Khalid ọmọ Walid pẹ̀lú ọgbọ̀n ẹlẹ́ṣin lọ sí Nákílà, wọ́n sì wó òrìṣà Al-Uzza tí àwọn Kùráíṣì ń bọ. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì àgbà ti kà á nínú Síírà, n kò ní fa á gùn.

Èkejì ni ogun Ain Jalut, ní ọjọ́ 25 Ràmàdáànì ọdún 658 Híjírà, tí í ṣe ọjọ́ Jímọ̀, 3 September 1260. Ní ọdún 1258, àwọn Móńgólù lábẹ́ Hulagu ti wọ Bàgídáàdì, wọ́n pa Hálífà, wọ́n sì pa àwọn ará ìlú lọ bẹẹrẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n gba Hálábù, wọ́n gba Dàmásíkù. Íjíbítì ló kù. Hulagu rán ikọ̀ sí Sọ́tánì Qutuz ní Káírò pé kí ó wá túúbá, Qutuz sì ní kí wọ́n bẹ́ àwọn ikọ̀ náà lórí. Lẹ́yìn èyí kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́ àfi ogun. Ọlọ́hun ṣe é, ọba àgbà àwọn Móńgólù ti kú, Hulagu sì ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun rẹ̀ padà sí ìlà-oòrùn. Kitbuqa ni ó fi sílẹ̀. Ní àfonífojì kan ní ilẹ̀ Palẹsítínì, Baybars fi díẹ̀ nínú ọmọ ogun tan àwọn Móńgólù wọ inú ibi tí Qutuz lúgọ sí. Ogun náà le. Nígbà tí apá òsì ẹgbẹ́ ogun fẹ́ẹ́ fọ́, Qutuz ṣí akoto rẹ̀ jù sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí ojú rẹ̀, ó ké, ó sì wọ àárín ogun lọ. Wọ́n pa Kitbuqa.

Ain Jalut túmọ̀ sí ìsun omi Jálútù, òmìrán tí Ànábì Dáúdà pa. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fẹ́ kí ẹ wò jù ni ti àwọn tí ó ja ogun náà. Mamlūk ni wọ́n ń jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka sárúfù, ẹ wo gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: ẹni tí ènìyàn mìíràn ni. Ẹrú tí a fowó rà láti kékeré ni wọ́n, tí a kọ́ ní ẹ̀sìn àti ogun. Ẹrú ni Baybars, ẹrú ni Qutuz fúnra rẹ̀ rí. Àwọn ẹrú ló gba ilẹ̀ Mùsùlùmí lọ́wọ́ Móńgólù. (Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti pa Qutuz lọ́nà ilé, Baybars sì ti jọba. Ìtàn kì í ṣe oyin látòkèdélẹ̀.)

Ẹ̀kẹta wàyí. Ọdún 1250 Híjírà, ní ìlú Salvador, ní ilẹ̀ Bàhíà ní Bùràsíìlì. Ogun tí ó fọ́ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti mú kí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú kọjá òkun. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn, àtàwọn Haúsá àti Tápà, Malê ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ pe ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa kí ẹ gbọ́ ọ: ìmàle ni, orúkọ wa gan-an.

Àwọn ènìyàn yìí dá ilé-kéwú sílẹ̀ nínú oko ẹrú. Ẹni tí ó mọ̀wé ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Wàláà wà lọ́wọ́ wọn, tàdáwà wà, wọ́n ń kọ tírà sọ́rùn, wọ́n sì ń wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń pè ní abadá. Nínú àwọn alùfáà wọn ni Manoel Calafate, Ahuna, àti àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Pacífico Licutan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọ fẹ́ san owó ìràpadà Licutan, ẹ̀ẹ̀mejì ni olówó rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí olówó rẹ̀ jẹ gbèsè, wọ́n ti Licutan mọ́lé kí wọ́n lè lù ú ní gbàǹjo. Nígbà tí adájọ́ bi í lẹ́yìn náà, ó ní Bílálì ni orúkọ òun. Kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé Bílálì fún nínú ìwé yìí.

Wọ́n fi ìdìde sí òwúrọ̀ Sunday, 25 January 1835, ọjọ́ ọdún kan nínú ìjọ Àgùdà, tí ọ̀pọ̀ òyìnbó yóò ti lọ sí Bonfim. Ràmàdáànì ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀ ní January 1, nítorí náà ọjọ́ 25 bá ọjọ́ 25 mu. Àwọn òpìtàn gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú òpin Ràmàdáànì ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Saturday, ọ̀rọ̀ ti tú. Obìnrin Nàgó kan, Sabina da Cruz, tí ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dé etí ìjọba. Ní nǹkan bí aago kan òru, àwọn ọlọ́pàá dé ilé Calafate, àwọn tó wà nínú ilé sì bú jáde pẹ̀lú idà. Òyìnbó yóò ní Sunday ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lójú kàlẹ́ńdà tiwa, òru 25 ti wọlé láti ìgbà Màgàríbì.

Ẹ̀wọ̀n tí Licutan wà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọn kò rí i mú jáde. Wọ́n jà káàkiri ìlú, wọ́n sì gba ọ̀nà etíkun lọ kí wọ́n lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú inú oko. Ní Água de Meninos, àwọn sójà ẹlẹ́ṣin dá wọn dúró. Bí 600 ènìyàn ló dìde, ó lé ní 70 tó kú. Kì í ṣe ìmàle nìkan ni wọ́n, Nàgó tí kò kírun wà nínú wọn pẹ̀lú. Ní May 14, wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin, nítorí pé wọn kò rí ẹni tí yóò yẹgi fún wọn. Wọ́n na ọ̀pọ̀, Licutan náà jẹ pàṣán bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹ̀wọ̀n ló wà lóru ìjà.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ọjọ́ ṣe oògùn, pé ọjọ́ báyìí ni ti ìṣẹ́gun. Èmi kò gbà. Ọjọ́ kan náà ni ti Ain Jalut àti ti Bàhíà. Ẹrú ló jà níhìn-ín, ẹrú ló jà lọ́hùn-ún. Àwọn kan di ọba, wọ́n da ilẹ̀ bo àwọn kan.

Ìjọba Bàhíà lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú lẹ́yìn ìyẹn, àwọn mìíràn sì fẹsẹ̀ ara wọn padà wá. Wọ́n sọ̀ sí Ajúdà, Àjàṣẹ́ àti Èkó, wọ́n di àwọn tí à ń pè ní Àgùdà. Kì í ṣe gbogbo Àgùdà ló jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìmàle wà nínú wọn.

Àwọn ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mú ṣì wà nínú ilé ìpamọ́ ìwé ní Bàhíà. Ìwé kékeré kan wà ní Rio de Janeiro, èyí tí wọ́n tú lọ́rùn ọ̀kan nínú àwọn òkú. Súrà Àlùkùránì ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́.