Ta ló ń mú ògì kan nínú ìkòkò?

Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò ògì rí nílùú Masífà, lẹ́bàá Èjìgbò, yóò mọ ohun tí à ń sọ. Bí wọ́n bá da omidùn nù, tí wọ́n bu ògì tán, ara ìkòkò a máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí a ní ìdọ̀tí ni, wọ́n a sì mú kànìnkànìn. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá mìíràn a máa bu omidùn àná lé àgbàdo tuntun, kí ó lè tètè kan.

Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyí ń ṣe ní ìtumọ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní irú ohun yíyọ̀ bẹ́ẹ̀, ìlú kékeré ni. Àwọn ẹ̀dá tí ojú kò lè rí ló tẹ̀ ẹ́ dó, tí wọ́n ń fi oje ara wọn lẹ̀ mọ́ ìkòkò. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì jù nídìí ògì: bakitéríà, àti ìwúkàrà, tó jẹ́ ẹbí olú tí à ń jẹ.

Ní 1970, Akinrele, ti ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, tẹ iṣẹ́ jáde lórí àgbàdo tí a rẹ fún ògì. Ó bá bakitéríà tó ń jẹ́ Lactobacillus plantarum níbẹ̀ (orúkọ tuntun tí wọ́n fún un ní 2020 tún gùn ju èyí lọ). Ó tún bá Saccharomyces cerevisiae, ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀? Bakitéríà ló ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di kíkan. Àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọdé kì í lè gbèrú níbi tó bá kan dáadáa, ṣùgbọ́n ìwúkàrà kò bìkítà. Bí òun náà ṣe ń jẹun, a máa tú fítámì àti èròjà mìíràn tí bakitéríà kò lè dá ṣe jáde. Ọ̀kan ní iyọ̀, èkejì ní ata.

Àwọn ará Japan náà mọ̀ ọ́n. Ní Fukuyama, ní ẹkùn Kagoshima, inú ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ti ń fi ìrẹsì ṣe ọtí kíkan. Furukawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú Lactobacillus plantarum láti inú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ìwúkàrà. Ní 2010 wọ́n kọ ọ́ pé ohun yíyọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe pọ̀ ju èyí tí ẹnì kan nínú wọn lè dá ṣe lọ, àti pé àfi kí wọ́n fara kan ara wọn. Irú àwọn méjì kan náà tí Akinrele bá nínú ògì wa nìyẹn!

Àmọ́, kì í ṣe gbogbo ẹbí olú ni ọ̀rẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus máa ń hù lára àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa, ó sì ń tu oró kan tó ń jẹ́ aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan àwọn tó ń ra àgbàdo tó ti bu nítorí pé owó rẹ̀ rọjú, tí wọ́n gbà pé bó bá ti kan, tó sì hó, ó ti bùṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíkan lè dín oró náà kù, kò lè pa á tán. Iná pàápàá kò ràn án. Ní 2004, àgbàdo irú èyí pa ènìyàn 125 ní Kenya. Ògì sì ni oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kọ́kọ́ ń tọ́ wò lẹ́yìn ọmú.

Nítorí náà, kí a tó da omi sí àgbàdo, kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí a ṣa gbogbo hóró tó ti bu tàbí tó ti yí àwọ̀ padà kúrò. Kí a má sì kó wọn fún adìẹ. Ẹ̀pà tó ní oró yìí ló pa tòlótòló tó lé ní 100,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960.