Ìyàwó múra tán, fọ́tò ba gbogbo ẹ̀ jẹ́: Ẹ̀yin oníkámẹ́rà Òkè-Ògùn, ẹ yọ fláàṣì kúrò lórí kámẹ́rà!

Owó kékeré kọ́ làwọn èèyàn ń ná sórí aṣọ òkè bí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó ní Ìsẹ́yìn. Ìlú òfì ni, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹtù, wọ́n á hun ún fún un. Ẹni tó bá fẹ́ sányán tàbí àlàárì, òun náà á rí tiẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí ìnáwó bá parí tí fọ́tò jáde, ìgbà náà ni ìbànújẹ́ máa ń dé. Iwájú orí ìyàwó á máa dán bíi pé wọ́n da epo sí i, òjìji dúdú á lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn ọkọ, aṣọ òkè olówó ńlá á sì rí pẹlẹbẹ bíi bébà. Kíá làwọn ẹbí á ti sọ pé kámẹ́rà ọkùnrin yẹn ò dáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà lọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ò jẹ̀bi, ibi tí iná ti wá ló jẹ̀bi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò ṣòroó yé èèyàn. Fláàṣì tó bá wà lórí kámẹ́rà, ibi tí kámẹ́rà ti ń wo èèyàn lòun náà ti ń tànmọ́lẹ̀. Gbogbo nǹkan tí kámẹ́rà ń rí ni iná bò, kò wá sí ibi tí òjìji kékeré kan máa jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, òjìji yẹn gan-an ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé imú ga, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, pé òwú kan gun orí òwú kejì. Bí wọ́n bá gbé fláàṣì yìí kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ á yí padà. Òwú aṣọ òfì á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilà ojú bàbá àgbàlagbà á hàn ketekete, ojú ìyàwó á sì rí bí ojú èèyàn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nìkan o. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè náà ń fi fọ́tò tajà báyìí. Orí WhatsApp ni oníbàárà tó wà l'Ékòó tàbí ní London ti ń wo aṣọ kó tó sanwó. Bí fọ́tò bá sọ ẹtù aláró di dúdú kirikiri, tó sì sọ sányán di yẹ́lò, ìjà ń bọ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tí aṣọ bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Oníṣòwò á ní òun ò parọ́, oníbàárà á ní wọ́n fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Iná ló dá wọn lójú rú.

Nígbà tó jẹ́ fíìmù ni wọ́n fi ń ya fọ́tò, ìbẹ̀rù àtidán nǹkan tuntun wò ò ṣeé dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Fọ́tò 36 péré ló sábà máa ń wà nínú fíìmù kan, onífọ́tò ò sì ní mọ̀ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ àfi tó bá fọ̀ ọ́ tán. Kámẹ́rà dígítà ti mú ẹ̀rù yẹn kúrò. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, á rí i báyìí, á sì gbé iná síbòmíràn láì náwó kankan. David Hobby, tó jẹ́ fọ́tógíráfà ìwé ìròyìn The Baltimore Sun l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ aráyé ní 2006 bí wọ́n ṣe lè fi fláàṣì kékeré tí kì í ṣe olówó gọbọi ṣiṣẹ́ láì gbé e sórí kámẹ́rà. Láti ìgbà náà lọ̀pọ̀ ti mọ̀ pé kò dìgbà téèyàn bá ní iná sítúdíò ńláńlá.

Kí wá lèèyàn máa rà? Àkọ́kọ́, fláàṣì tó ṣeé fọwọ́ dín iná rẹ̀ kù, látorí agbára rẹ̀ kíkún títí dé 1/128. Èkejì, kó jẹ́ èyí tó ń fi rédíò gbọ́ àṣẹ láti orí kámẹ́rà. Àwọn tó jẹ́ iná ni wọ́n fi ń pe ara wọn, oòrùn ọ̀sán Òkè-Ògùn lè dí wọn létí pátápátá. Godox TT600, fún àpẹẹrẹ, ní rédíò nínú, bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń yí agbára rẹ̀. Godox V860III ní bátìrì lithium tirẹ̀, ó sì lè fúnra rẹ̀ díwọ̀n iná, ohun tí wọ́n ń pè ní TTL nìyẹn. Kí olùrà ṣọ́ra nídìí tíríga tó máa wà lórí kámẹ́rà: ti Canon yàtọ̀ sí ti Nikon, ti Sony náà sì yàtọ̀.

Nítorí iná ìjọba tó ń ṣe ségesège, bátìrì AA tó ṣeé gba iná sára ló yẹ, kì í ṣe bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Kéèyàn ní ọ̀wọ́ méjì, kí ìkan wà nílẹ̀ bí ìkan bá ń ṣiṣẹ́. Fláàṣì tòkunbọ̀ ayé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ ọ! Àwọn kan nínú wọn ń ta iná tó ju 200 volts padà sínú kámẹ́rà, ìyẹn sì lè jó kámẹ́rà dígítà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀dínwó ra fláàṣì lè tibẹ̀ pàdánù kámẹ́rà.

Lílò rẹ̀ ló kù. Kámẹ́rà púpọ̀ ò gbọdọ̀ yára ju 1/200 tàbí 1/250 lọ bí fláàṣì bá ń ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá kan fọ́tò á dúdú. Fún ojú èèyàn, kí fláàṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ga ju orí lọ díẹ̀, kí agboòrùn funfun wà níwájú rẹ̀, kó sì sún mọ́ èèyàn. Bó bá ṣe sún mọ́ ọn tó ni iná ṣe máa rọ̀ tó. Ẹni tó bá sún fláàṣì látorí mítà kan lọ sí mítà méjì, kì í ṣe ìlàjì iná ló kù, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló kù. Bí ìyá ìyàwó bá wé gèlè ńlá, kí wọ́n rẹ iná sílẹ̀ díẹ̀, torí gèlè lè fi òjìji bo ojú rẹ̀. Fún aṣọ òfì, kí wọ́n yọ agboòrùn, kí iná rá wá láti ẹ̀gbẹ́ pátápátá.

TTL dáa, ṣùgbọ́n ó ń ṣìnà. Léèsì funfun lè mú kó dín iná kù jù, ẹtù lè mú kó tan iná jù. Kánópì náà ní wàhálà tiẹ̀: ẹni tó bá da iná lu kánópì pupa, ojú àlejò á pupa. Lójú oòrùn ọ̀sán, bíi ti àwọn tó ń gun òkè Adó-Awáyè, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn èèyàn sí oòrùn, kí fláàṣì wá tan ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ ni, àpò tí wọ́n rọ yanrìn sí ló yẹ kó wà ní ìdí sítáǹdì, torí afẹ́fẹ́ Ṣakí ò mọ ẹni tí fláàṣì ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba oníkámẹ́rà, ẹ má bi í pé irú kámẹ́rà wo ló ní. Ẹ ní kó fi fọ́tò tó yà nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ hàn yín. Ẹ wo aṣọ òkè inú ẹ̀, bóyá ẹ rí òwú. Ẹ wo iwájú orí, bóyá ó ń dán. Ẹ bi í pé ta ló máa bá a di iná mú. Bí ìdáhùn bá tẹ́ ẹ yín lọ́rùn, ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú tọkọtaya kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kó ráàyè gbé iná rẹ̀ sípò. Ìgbéyàwó ò ṣeé tún ṣe nítorí fọ́tò.