Ṣé o mọ̀? Síǹkì ara irin àlòkù kì í ṣe ohun tí à ń fi iná bọ́

Ṣé o mọ̀ pé èéfín funfun tó ń rú nígbà tí ajórin bá gbé iná lé páìpù omi àtijọ́ kì í ṣe ti ìdọ̀tí? Síǹkì ni. Ní Ìkirè àti Àpòmù, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀, bíi ti àwọn ìlú wa yòókù, irin àlòkù ló ń di ilẹ̀kùn, àga àti ààrò, wọ́n sì ti fi síǹkì bo òmíràn kó má baà dípẹtà. Síǹkì ń yọ́ ní 420°C, ó sì ń hó ní 907°C. Irin kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 1,500°C. Kí irin tó jó pọ̀, ìbòrí rẹ̀ ti wọ imú ajórin. Tó bá di alẹ́, òtútù lè mú un, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ẹnu rẹ̀ sì máa ta bí irin.

Ọtí kíkan, tó ń bọ́ síǹkì, ló yẹ kó ṣáájú iná. Ri irin náà sínú rẹ̀ mọ́jú ní ìta gbangba, jìnnà sí iná, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lè gbiná. Wàá rí ìfófòó wẹ́wẹ́ tó ń gun òkè, títí dídán bíi fàdákà yóò fi pòórá. Fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kí ìpẹtà tó yára dé. Àwọn kan á ní ó ń fi àkókò ṣòfò. Rárá o: etí ibi tí a fẹ́ jó nìkan ló nílò rírì. Àwọn mìíràn gbójú lé mílíìkì mímu láti fi dènà èéfín náà. Ṣùgbọ́n inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń wọ̀.